Orin Ijó Kì í Ṣe Orin Yẹpẹrẹ

Àwọn kan a máa wí pé orin tí ó bá ń mú ni jó kò lè ní ọgbọ́n nínú. Ẹ jẹ́ kí a wo Julius Fučík, ẹni tí a bí ní Prague, ní ilẹ̀ Bohemia, ní ọdún 1872, tí ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ orin lọ́dọ̀ Dvořák. Ní 1897, nígbà tí ó jẹ́ olórí àwọn afunfèrè ọmọ-ogun ní Sarajevo, ó ṣe orin ìyan ológun kan, èyí tí ó sọ ní “Ìwọlé Àwọn Gladiator”, ní ìrántí àwọn ajagun Róòmù àtijọ́. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ní agbo eré tí ẹṣin àti aláwàdà ti ń dárà, a ń sáré fun ún, títí ó fi di orin ẹ̀rín.

Nínú àwo tí Václav Neumann àti ẹgbẹ́ olórin Czech Philharmonic ṣe, orin náà tún gba ọlá rẹ̀ padà. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni polka “Àgbà Oníkùnsínú” wà, tí fèrè onígi olóhùn ìsàlẹ̀ ń kùn bí bàbá arúgbó. Fèrè yìí gan-an ni Fučík kọ́ ní ọ̀dọ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi agbo tí a ti gbọ́ orin díwọ̀n iyì rẹ̀. Bí a tilẹ̀ wọ ọlọ́lá ní àkísà, ọlọ́lá náà ni.