Adágún orí òkè Adó-Àwáyè: omi tí ẹnikẹ́ni kì í ju ìwọ̀ sí

Àwọn ará Akínyẹlé tó ń ná ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti mọ̀ pé ọ̀nà náà kì í ṣe ti àgbẹ̀ àti oníṣòwò nìkan mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 65, àwọn ọ̀dọ́ tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn máa ń gba ibẹ̀ kọjá ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọn kì í lọ sọ́jà, wọn kì í lọ sóde ìyàwó. Òkè ni wọ́n fẹ́ lọ gùn. Wọ́n á la Ìjàyè kọjá, Ìjàyè Kúrunmí tí ogun Ìbàdàn tú ní 1862, àmọ́ ìtàn yẹn ti ọjọ́ mìíràn ni. Bí wọ́n bá dé Ìsẹ́yìn, wọ́n á wọkọ̀ Adó-Àwáyè, nítorí pé omi kan wà lórí òkè ìlú náà tí wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí.

Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn sára òkè náà, 369 ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún lè gùn ún, bí eékún bá gbà fún un, kó sáà máa sinmi lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọdé tó bá sáré gùn ún gan-an ni wọ́n máa ń jókòó tí wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó dé òkè. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, àpáta ló kù. Orí òkè yìí ni àwọn baba ńlá ìlú náà gbé rí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni òkúta Ìṣàgé wà, tó dúró bí ẹni pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló máa tì í ṣubú, síbẹ̀ tí kò ṣubú. Ibẹ̀ náà ni ibi tóóró kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run, orúkọ tó ti sọ fún àlejò bó ṣe yẹ kó máa gbé ẹsẹ̀.

Ìyaké ni orúkọ adágún náà. Odò kankan kò gun òkè lọ bá a, síbẹ̀ omi wà nínú rẹ̀. Àwọn ará ìlú gbà pé kò nísàlẹ̀, pé ayé mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ kò ní padà sí èyí. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ti ń gun òkè lọ bá a láti ìgbà pípẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe níbẹ̀ ni kó jókòó sí etí rẹ̀ kó ju ìwọ̀ sí i. Àwọn tó ń polówó òkè náà máa ń sọ pé irú adágún bẹ́ẹ̀ méjì péré ló wà ní gbogbo àgbáyé, pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Hanging Lake. Bóyá ni ìṣirò yẹn rí bẹ́ẹ̀, nítorí omi orí òkè pọ̀ káàkiri ayé ju méjì lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí èyí yọ kúrò nínú ẹwà Ìyaké.

Ní àwọn ilẹ̀ tó tutù, irú omi orí òkè bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn apẹja kan ń lé kiri. Ní Alaska, ní Kánádà àti láàárín àwọn òkè Montana, ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó gbé oúnjẹ àti àgọ́ kọ́ ẹ̀yìn, kó lè dé adágún kan tí ẹja grayling wà. Ẹja náà kò tóbi, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò tó kìlógíráàmù kan. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi yàtọ̀: ó ga, ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, àwọ̀ oríṣìíríṣìí sì wà lára rẹ̀. Omi tútù nini ló ń gbé. Bí ẹ bá sọ ọ́ sínú odò Ọ̀nà ní oṣù Ẹrẹ́nà, kò ní pẹ́ kú.

Ekòló kọ́ ni wọ́n fi ń dẹ ẹ́. Ìyẹ́ àti òwú ni wọ́n ń dì mọ́ ìwọ̀ kékeré títí tí yóò fi jọ kòkòrò, wọ́n á wá jù ú sójú omi bí ẹni pé eṣinṣin ló bà síbẹ̀. Ó lè dà bí eré ọmọdé létí ẹni, àmọ́ ẹni tó bá ti rí bí ẹja ṣe máa ń yọjú nígbà tí èsúnsún bá ń já bọ́ sódò lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Ọ̀pọ̀ wọn, bí wọ́n bá ti fà á dé etí omi tán, wọ́n á tú ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á dá a padà. Ẹni tí kò rí ẹja fi sọ́bẹ̀ láti àná á ní orí wọn kò pé. Wọ́n ní ìdí tiwọn.

Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ẹja yìí pọ̀ rẹpẹtẹ nígbà kan, débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú kan létí odò Au Sable. Àwọn agégẹdú wọlé, wọ́n gé igbó, wọ́n ń ti ìtì igi sódò kí omi máa gbé e lọ. Ìtì igi wọ̀nyẹn ha ìsàlẹ̀ odò níbi tí ẹja ń yé ẹyin sí. Àwọn apẹja ń kó ẹja lọ tà láìkà á. Wọ́n tún kó irú ẹja mìíràn wá láti ibòmíràn, èyí tó ń bá a du oúnjẹ. Kí àwọn ọdún 1930 tó parí, ẹyọ kan kò ṣẹ́kù nínú odò wọn. Ìlú náà ṣì ń jẹ́ Grayling dòní, bí ìgbà tí àlejò bá wọ Ìdí-Osè tó bèèrè igi osè, tí wọ́n ní kò sí mọ́. Ní 2016 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti ẹ̀yà Little River Band of Ottawa Indians kéde pé àwọn fẹ́ dá ẹja náà padà. Alaska ni wọ́n ti lọ wá ẹyin rẹ̀.

Àwọn omi tí àwọn ará Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá àti Lágelú ń jẹ ẹja rẹ̀ kì í ṣe ti orí òkè, ọwọ́ ènìyàn ló sì dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Ẹlẹ́yẹlé wà lórí odò Ọ̀nà láti 1942. Aṣéjíire wà lórí odò Ọ̀ṣun láti 1972, tí àwọn obìnrin ń ta epìyà, àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Ifẹ̀. Ní apá Ìsẹ́yìn, Ìkéré Gorge wà lórí odò Ògùn, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ wà ní Akínyẹlé gan-an, nínú ọgbà IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn ń kọjá lọ kò lè yà wọ ibẹ̀ lọ pẹja.

Àwọn àgbà tó ṣe oko kòkó rántí Gàmálínì 20. Oògùn tí wọ́n rà fún kòkòrò ara kòkó ni àwọn kan ń dà sódò lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ńlá, ẹja wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀lọ́, gbogbo rẹ̀ á ti léfòó. Wọ́n á ṣà á, wọ́n á yan án, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà, ẹni tó ń pọnmi mu ní ìsàlẹ̀ odò náà kò sì mọ ohun tó ń mu. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹja odò, ti ọdún 1992, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi májèlé tàbí ohun abúgbàù pẹja. Òfin wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró létí odò láàárín òru láti mú ẹni tó rú u? Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ náà ń ṣe tirẹ̀ lójú ọ̀sán, ó ń kó ọmọ ẹja tí kò tíì yé ẹyin rí. Ìwọ̀ kò lè ṣe irú ìparun yẹn. Ẹyọ kan ló ń mú lẹ́ẹ̀kan, bí èyí tó mú bá sì kéré jù, ó ṣeé dá padà láàyè. Ọmọ tó ti gbé ọ̀pá ìwọ̀ lọ sódò rí mọ èyí.

Adó-Àwáyè kò ní ọlọ́pàá omi, síbẹ̀ Ìyaké ń bẹ. Èèwọ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Ìṣòro tó kù ni pé èèwọ̀ kì í bá àlejò wọkọ̀ láti Èkó. Ẹni tí kò gbà pé ayé mìíràn wà nísàlẹ̀ omi kò rí ìdí tí kò fi lè ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí i. Ní Hanging Lake ti Colorado, ìwé òfin ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe: láti 2019, ẹni tó bá fẹ́ gùn ún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó sì sanwó ṣáájú, iye ènìyàn tó lè gùn ún lójúmọ́ ní òǹkà, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ ti ẹsẹ̀ bọ omi náà. Owó irú bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọmọ Adó-Àwáyè síṣẹ́, bí ẹni tó ń gbà á bá fi tún ojú òkè ṣe.

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù fún ẹni tó bá fẹ́ lọ, nítorí àpáta máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Kó wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kó gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, kó mú ọmọ ìlú kan dání tó mọ ọ̀nà, kó sì kó ọ̀rá tó gbé gòkè padà wálẹ̀. Bí ọ̀pá ìwọ̀ bá wà nínú ẹrù rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Ìkéré Gorge kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, ẹja sì wà níbẹ̀.