Kí ẹ tó ra ohun tó ń dán, ẹ béèrè irin tó wà lábẹ́ rẹ̀

Bí èèyàn bá gba títì Liberty kọjá ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, kò ní rìn jìnnà kó tó rí ohun tó ń dán yinrin: ẹnu ẹ̀rọ omi, ọwọ́ ilẹ̀kùn, aago ọwọ́, ẹ̀gbà ọrùn aláwọ̀ wúrà. Ẹni méjì lè ra ẹ̀rọ omi tó jọra lọ́jọ́ kan náà. Kí ọdún tó yípo, tọ̀kan á ti wú, á máa bó bí èèpo iṣu. Tèkejì á ṣì máa dán. Ẹni tí tirẹ̀ bó á ní owó òun ti wọgbó. Kì í ṣe ohun tó ń dán náà ló jẹ̀bi nígbà gbogbo o. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ fífi irin bo irin yìí kì í ṣe tòní. Lọ́dún 1800 ni Alessandro Volta, ará Ítálì, gbé bátìrì rẹ̀ jáde. Nígbà tó fi máa di 1805, ará Ítálì mìíràn, Luigi Brugnatelli, ti fi iná bátìrì da wúrà bo fàdákà. Lọ́dún 1840, ìdílé Elkington ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ láti máa fi ṣòwò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le ṣàlàyé. Wọ́n á yọ́ iyọ̀ irin tí wọ́n fẹ́ lò sínú omi, wọ́n á ri ohun tí wọ́n fẹ́ bò síbẹ̀, wọ́n á wá fi iná sí i. Iná yìí ni yóò fa irin inú omi wá lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ idẹ ni wọ́n fẹ́, bàbà àti síńkì ni wọ́n á jọ fà jáde, nítorí àdàpọ̀ méjèèjì ni idẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Ìpele àkọ́kọ́ máa ń tẹ̀lé bí ojú ohun tó gbà á ṣe rí, bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù tẹ̀lé ìlà ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ àdàpọ̀ bíi idẹ, ìwọ̀n bàbà àti síńkì tó kọ́kọ́ lẹ̀ tiẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti òkè. Bó ṣe ń nípọn sí i ni agbára ìsàlẹ̀ ń dín kù. Ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ kò bá dì í mú, bó ti wù kó nípọn tó, yóò ṣí.

Irin kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwà tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti irin lásán bọ omi bàbà tó ní ásíìdì, bàbà á sáré bò ó kí iná tó débẹ̀, àmọ́ aṣọ àyálò ni. Ìka lásán lè nù ún kúrò. Síńkì, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ omi olówó pọ́ọ́kú, ásíìdì máa ń jẹ ẹ́, nítorí náà omi bàbà tí kò ní ásíìdì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi bò ó. Alumíníọ̀mù ní awọ fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn fi ń wọ̀ ọ́. Bí wọn ò bá bó o, kí wọ́n fi síńkì dípò rẹ̀, kò ní gba nǹkan kan mọ́ra. Tó bá jẹ́ idẹ ni wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́ bò, bàbà inú rẹ̀ á máa rá gba inú wúrà jáde, ojú rẹ̀ á sì ṣú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi nikẹ́ẹ̀lì dènà láàárín wọn.

Kí lẹ máa ṣe kí ẹ tó sanwó? Ẹ mú mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà rédíò àtijọ́ dání. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, irin ni, yóò dípẹtà níbi tó bá ti há. Bí kò bá lẹ̀, ẹ yọjú wo inú ihò tí wọ́n ti ń yí i mọ́ páìpù, níbi tí wọn kò bò dáadáa: idẹ á pọ́n rúsúrúsú, síńkì á rí bí eérú. Idẹ tún wúwo ju síńkì lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ tún báńpà àtijọ́ bò, kó rí i pé wọ́n fọ ìpẹtà àti òróró kúrò pátápátá kí wọ́n tó fi iná sí i.

Àwọn àgbà ní inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ti irin tí wọ́n fi irin bò, ìkòkò ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.