Èéfín Dúdú àti Èéfín Aláyìnrín

Àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: funfun, pupa àti dúdú. Abẹ́ dúdú ni àwọ̀ aró sábà máa ń bọ́ sí. Èyí lè ṣi olùtumọ̀ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ lọ́nà, nítorí pé àwọ̀ èéfín ẹnu sàlẹ́ńsà ni ó ń fi àbùkù ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tò hàn.

Èéfín funfun tí kò pẹ́ kó tó parẹ́ ní òwúrọ̀, ìkùukùu omi lásán ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, tí omi ráàdíétọ̀ sì ń dín kù, ó ṣeé ṣe kí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Bí èéfín bá dúdú kirikiri, pẹtiróòlù ni ó pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́. Bí ó bá rí bí aró fẹ́ẹ́rẹ́, ọ́ìlì ni ó ń jó. Ọ́ìlì tí wọ́n fi pa irin nígbà títò lè fa èyí ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tán, bóyá rìǹgì písítìnì kò jókòó dáadáa, tàbí ọ́ìlì ń jò gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù.

Bí ìwé bá pe méjèèjì ní ‘èéfín dúdú’, mẹkáníìkì lè máa tú kábúrétọ̀ nígbà tí rìǹgì ni ó ní àbùkù. Àwọn aláró ti ní ọ̀rọ̀ fún àwọ̀ náà: àyìnrín. ‘Èéfín aláyìnrín’ ni ó yẹ èéfín ọ́ìlì. Kí ‘èéfín dúdú’ jẹ́ ti pẹtiróòlù nìkan.