Ìṣòro Ìpàdánù nínú Kọ̀ǹpútà Kúáńtọ́ọ̀mù tí ń Lo Ìmọ́lẹ̀

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú ìwé yìí ni pé iye fótọ́ọ̀nù tí ẹ̀rọ kan ń lò kọ́ ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n ìlọsíwájú kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́, bí kò ṣe iye tí ó ń sọnù lójú ọ̀nà.

Fótọ́ọ̀nù ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá la ọ̀nà méjì sílẹ̀ fún un, ó lè wà nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà títí a ó fi wọ̀n ọ́n, kúbíìtì nìyẹn. Ooru àyíká kì í tètè dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ìwà yìí kan náà ni àléébù rẹ̀: fótọ́ọ̀nù méjì a máa kọjá lára ara wọn bí ẹni tí kò rí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìṣirò níbi tí kúbíìtì kan kò bá ti lè nípa lórí èkejì.

Hong, Ou àti Mandel fi hàn ní 1987 pé bí fótọ́ọ̀nù méjì tí ó jọra pátápátá bá jùmọ̀ dé ara dígí tí ń jẹ́ kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ kọjá, tí ó sì ń dá ìdajì padà, ojú ọ̀nà kan náà ni wọn yóò jọ gbà jáde. Ní 2001, Knill, Laflamme àti Milburn fi ẹ̀rí hàn pé irú dígí bẹ́ẹ̀, orísun fótọ́ọ̀nù ẹyọ kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rọ tí ń kà wọ́n tó láti fi kọ́ kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù, bí a bá lè fi èsì ìwọ̀n kan darí ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n owó orí rẹ̀ wúwo. Ìwọ̀n tí a fi ń so fótọ́ọ̀nù méjì pọ̀ nípa dígí nìkan kò lè yege ju ìdajì ìgbà lọ, àfi bí a bá ná fótọ́ọ̀nù mìíràn sí i.

Níbi tí ìnáwó bá ti pọ̀ tó báyìí, iṣẹ́ afasẹ́gbèjò ni bí ohun èlò bá tún ń jò. Bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá pàdánù fótọ́ọ̀nù 1 péré nínú 100, nǹkan bí 37 ni yóò kù lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 100. Àwọn onítẹlifóònù a máa fi ẹ̀rọ sọ ìmọ́lẹ̀ inú okùn dígí wọn dọ̀tun lójú ọ̀nà. Àǹfààní yẹn kò sí níhìn-ín, nítorí Wootters àti Zurek ti fi hàn ní 1982 pé a kò lè ṣe ẹ̀dà ipò kúáńtọ́ọ̀mù tí a kò mọ̀.

Ní 2020, ẹ̀rọ Jiuzhang ní Hefei, ní Ṣáínà, ka fótọ́ọ̀nù tí ó tó 76. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà a kò kà á sí kọ̀ǹpútà ní kíkún. Aurora, tí ilé-iṣẹ́ Xanadu ní Kánádà gbé jáde ní 2025, wù wá jù ú lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kúbíìtì 12 péré ni ó ní: pátákó kékeré 35 ni wọ́n fi okùn dígí kìlómítà 13 so pọ̀, èyí tí ó fi hàn pé a lè máa fi àpótí kún àpótí. Ìpàdánù ni àwọn tí ó kọ́ ọ fúnra wọn sọ pé ó kù láti borí.

Ní ọdún náà ni PsiQuantum ròyìn pé ìsopọ̀ fótọ́ọ̀nù méjì lórí pátákó sílíkọ́ọ̀nù wọn péye dé 99.22 nínú 100. Kí ẹni tí ó bá ka iye yìí fura díẹ̀: àwọn fótọ́ọ̀nù tí ó gúnlẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, àwọn tí ó sọnù kò sí nínú rẹ̀.