Ṣé O Mọ̀? Láti Oko Bantè dé Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn

Ṣé o mọ̀ pé ilẹ̀ Bantè ní orílẹ̀-èdè Benin fẹ̀ tó kìlómítà 2,695 níbùú lóròó? Bí a bá pín Ìpínlẹ̀ Èkó sí mẹ́rin, Bantè á gba mẹ́ta níbẹ̀. Síbẹ̀ èèyàn 107,181 péré ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2013. Oko iṣu àti oko kajú ló kún àárín abúlé kan sí èkejì. Ibẹ̀ ni wàhálà àkàndá ẹ̀dá ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó dárúkọ dókítà rárá.

Ṣé o mọ̀ pé ẹkùn ìlera kan ṣoṣo ni Bantè àti Savalou tó múlé tì í jọ wà? Àgbègbè 14 lọ́dọ̀ Savalou, 9 lọ́dọ̀ Bantè.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú kò ní láti yarọ? Dókítà Ignacio Ponseti, ọmọ Sípéènì tó ṣiṣẹ́ ní Iowa, ló fi hàn pé ọwọ́ ni wọ́n á fi máa tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á sì fi POP, ẹfun tó ń le bí òkúta, dè é. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tú u, tí wọ́n ń tún un dè. Ó sábà máa ń tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ló kan bàtà méjì tí irin so pọ̀, tí ọmọ á máa wọ̀ sùn títí á fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ wo ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn zémìjàn, ìyẹn ọ̀kadà Benin, tí POP ń gbá a níhàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà léraléra, lásìkò ebè kíkọ. Bó bá pa ọ̀sẹ̀ mélòó kan jẹ, èmi ò ní bá a wí. Owó ọkọ̀ lè wọ́n ju ìtọ́jú lọ.

Ṣé o mọ̀ pé amúkúrù, eṣinṣin kékeré etí odò tó ń ṣàn kíkankíkan, ló ń gbé kòkòrò tó ń fọ́ni lójú kiri? Ní 1974 ni orílẹ̀-èdè méje gbógun tì í, Benin wà níbẹ̀. Ní 1987 ilé iṣẹ́ Merck ní ọ̀fẹ́ lòun á máa fi oògùn rẹ̀, Mectizan, ta àwọn èèyàn lọ́rẹ. Ará abúlé fúnra rẹ̀ ló ń pín in, ọ̀pá ló sì fi ń wọn èèyàn: bí o bá ṣe ga tó ni wọ́n á ṣe fún ọ ní hóró kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kò sí pé à ń wá òṣùwọ̀n. Ẹni tí kò lè nàró ńkọ́? Kí wọ́n tẹ́ ọ̀pá náà sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tán. Ẹni tí kò rò ó á kàn fo onítọ̀hún kọjá ni.

Ṣé o mọ̀ pé ìbéèrè lè fi èèyàn pamọ́? Wọ agboolé, kí o bi wọ́n pé, “Ṣé ẹ ní abirùn?” Wọ́n á ní, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Wá bi ìyá àgbà pé, “Màmá, ṣé ẹ̀ ń ríran dáadáa?” “Háà, ọmọ mi, ojú ti ń ṣe bàìbàì.” Ìdí nìyí tí Washington Group, tí wọ́n dá sílẹ̀ lábẹ́ UN ní 2001, fi yọ ọ̀rọ̀ abirùn kúrò, tó gbé ìbéèrè mẹ́fà kalẹ̀: ìríran, ìgbọ́ràn, ìrìn, ìrántí, ìtọ́jú ara ẹni, àti kí ọ̀rọ̀ ẹni máa yé ẹlòmíràn, kí tiwọn náà máa yéni.

Ṣé o mọ̀ pé èdè ọwọ́ àwọn adití Benin bá ti Amẹ́ríkà tan ju ti Faransé lọ? Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí òun náà jẹ́ adití, ló gbé e wọ apá ibí. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, ó dé Ìbàdàn ní 1960.

Ṣé o mọ̀ pé Benin ti fòǹtẹ̀ lu àdéhùn UN lórí ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá láti 2012, tí òfin tirẹ̀ sì jáde ní 29 September 2017? Abala 9 àdéhùn náà ní kí ilé tó wà fún gbogbo ará ìlú ṣeé wọ̀ ní ìlú àti ní oko. Bíríkìlà ló kù. Bí ẹnu ọ̀nà bá fi mítà kan ga, ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tó gùn ní mítà 12 ló yẹ kẹ̀kẹ́ arọ. Ìloro ìdajì mítà á gba mítà mẹ́fà. Bí o bá rí gẹ̀rẹ́ mítà méjì níwájú irú ìloro bẹ́ẹ̀, alùpùpù ni wọ́n ṣe é fún.