Ibi Tí Ọmọ Òkè-Ògùn Ti Lè Bẹ̀rẹ̀ Ìwé Òfin

Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba máàkì ńlá nínú Sífíìkì láì tíì fojú kan ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 rí. Ó há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí, ó parí. Ó dùn mí, torí ìwé náà kò ṣòro tí olùkọ́ bá mọ ibi tó yẹ kó ti ṣí i.

Ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ẹ̀yìn ìwé ni kó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n to ìjọba ìbílẹ̀ 768 sí. Ọ̀yọ́ ní 33, mẹ́wàá nínú wọn sì jẹ́ ti Òkè-Ògùn. Ọmọ Ìsẹ́yìn á rí orúkọ ìlú rẹ̀ kedere. Ọmọ Òkèhò á wá tirẹ̀ tì, kó tó mọ̀ pé Kájọlà ni òun ń wá. Ti Kìṣí á bá Irẹ́pọ̀. Láìpẹ́, ẹnì kan á bèèrè ìdí tí LCDA àdúgbò rẹ̀, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, kò fi sí níbẹ̀. Kí olùkọ́ má pa á lẹ́nu mọ́, abala 8 ni kó ṣí: ìpínlẹ̀ lè dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò bá dìbò fún un, àmọ́ ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá gbọ́dọ̀ ṣòfin tirẹ̀ kí orúkọ náà tó wọ inú ìwé.

Abala 35 ló yẹ kí kíláàsì pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí ọ̀rọ̀ àtìmọ́lé ni. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn ní agbègbè ẹnu ibodè bíi Ṣakí, níbi tí Yorùbá, Fúlàní àti Bàrùbá ti jọ ń gbé. Tí kóòtù tó láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Tó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́. Ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú ni òfin yọ sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ mú máàpù àti kọ́ńpáàsì, kí wọ́n fa àmì róbótó kìlómítà 40 yí kóòtù tó sún mọ́ wọn ká, kí wọ́n wò ó bóyá abúlé ìyá àgbà wọn bọ́ sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kóòtù ti pẹ́ níhìn-ín. Nígbà tí Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde ní 1916 sí ìṣàkóso tí òyìnbó gbé kà wọ́n lórí, kóòtù ìbílẹ̀ wà lára ohun tó bí wọn nínú.

Ibì kan wà tí olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fò. Abala 18 ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nígbà tí agbára bá ká a. Orí Kejì ló wà, abala 6 sì sọ pé èèyàn kò lè fi orí yẹn pe ìjọba lẹ́jọ́. Orí Kẹrin, tí abala 35 wà, yàtọ̀: ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lè gba Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ lọ, abala 46 ló fún un láyè.