Ìrìn Àlàfo àti Ìdínkù Kírómíọ̀mù Nínú Irin Ríákítọ̀

Irin tí kì í dípẹtà ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà nínú ikùn ríákítọ̀ tí ń fi agbára átọ́ọ̀mù pèsè iná. Nínú oríṣi kan tí ó wọ́pọ̀, kírómíọ̀mù kó bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, níkẹ́ẹ̀lì kó bí ìdá 8, irin lásán ni ó sì pọ̀ jù nínú ìyókù. Kírómíọ̀mù ni ẹ̀ṣọ́: òun ni ó ń mú kí awọ tínrín bo ojú irin kí omi má baà jẹ ẹ́. Níbi tí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju bí ìdá 12 lọ, awọ náà kì í dúró dáadáa mọ́. Síbẹ̀, a ti bá irú ibi bẹ́ẹ̀ nínú irin tí ó pẹ́ nínú ríákítọ̀, a sì ti bá ojú sísán níbẹ̀. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni bí kírómíọ̀mù náà ṣe kúrò.

Àwọn átọ́ọ̀mù inú irin tò létòlétò bí ebè inú oko. Bí niútírọ́ọ̀nù tí eré rẹ̀ pọ̀ bá kọlu ọ̀kan, yóò tì í kúrò ní ipò rẹ̀. Àlàfo yóò ṣẹ́ kù síbẹ̀. Átọ́ọ̀mù tí a tì náà yóò sì lọ há sí àárín àwọn ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí afipáwọlé. Púpọ̀ nínú àlàfo àti afipáwọlé ni yóò tún pàdé, tí wọn yóò sì pa ara wọn rẹ́. Àwọn tí ó kù yóò máa rìn títí wọn yóò fi rí ibi tí wọn yóò pòórá sí. Hóró kéékèèké ni ó so pọ̀ di irin, ààlà àárín hóró sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú irú ibi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ríákítọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, àlàfo ń ṣàn lọ sí ààlà láìdáwọ́ dúró.

Níbí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Àlàfo kò lè dá rìn. Átọ́ọ̀mù kan ni yóò bọ́ sínú rẹ̀, kí àlàfo tó bọ́ sí ipò tí onítọ̀hún fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo gbọ̀ngàn tí èrò kún, tí àga kan ṣoṣo ṣófo ní àárín. Kí àyè tí ó ṣófo náà tó lè dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tí ó jókòó sí apá ẹnu ọ̀nà ni yóò máa sún wọ inú. Bí ọ̀dọ́ àti àgbà bá jókòó pọ̀, ọ̀dọ́ ni yóò máa yára dìde. Nígbà tí ó bá pẹ́, àgbà ni yóò pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà. Kírómíọ̀mù ni ọ̀dọ́ yìí, nítorí pé ó yá láti pààrọ̀ ipò pẹ̀lú àlàfo. Níkẹ́ẹ̀lì ni àgbà. Bí àlàfo ṣe ń lọ sí ààlà ni kírómíọ̀mù ń kúrò níbẹ̀, tí níkẹ́ẹ̀lì sì ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà ti sílíkọ́ọ̀nù yàtọ̀: átọ́ọ̀mù rẹ̀ kéré, ó lè bá afipáwọlé rìn, ó sì ń kóra jọ sí ààlà.

Ìdàkejì ohun tí Smigelskas àti Kirkendall tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1947 ni ti kírómíọ̀mù yìí. Wọ́n rí i pé síǹkì inú idẹ ń yára jáde ju bí bàbà ṣe ń wọlé lọ, ìyàtọ̀ ìrìn wọn ni ó sì ń mú kí àlàfo ṣàn. Nínú ríákítọ̀, ṣíṣàn àlàfo ni ó ń ya àwọn átọ́ọ̀mù nípa.

Ìwọ̀n ooru náà ní ipa tirẹ̀. Bí irin bá tutù jù, àlàfo kò ní lè rìn. Bí ó bá gbóná jù, àwọn átọ́ọ̀mù yóò rìn padà dí ibi tí ó dín kù. Ó ṣeni láàánú pé ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 288, tí omi inú ríákítọ̀ oníhíhó ń wà, bọ́ sí àárín méjèèjì.

Àìsàn mìíràn jọ èyí. Nígbà tí àwọn ajórin bá jó irin yìí pọ̀, ooru a máa mú kí kábọ́ọ̀nù gba kírómíọ̀mù mọ́ra ní ààlà. Ìdí nìyí tí a fi ṣe irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù kọ́ ni ó ń darí ti ìtànṣán, irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré náà sì ti sán nínú ríákítọ̀. Lójú tiwa, kò yẹ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ìdínkù kírómíọ̀mù nìkan, nítorí ìtànṣán kan náà ń mú irin le koko. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi háídírójìn sínú omi láti dín ọ́síjìn inú rẹ̀ kù. Èyí lè dẹ́rọ̀ ojú sísán náà, ṣùgbọ́n kò lè dá kírómíọ̀mù padà sí ààlà.